Oúnjẹ Rírọ̀ fún Àwọn Àgbà Wa tí Àtọ̀gbẹ Ń Bá Jà

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ ìlú, tí a sì kọ sílẹ̀ fún àǹfààní àwọn ará ilé àti ti ẹ̀yìn odi)

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí iṣẹ́ tíṣà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò ọbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí irú àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà lára ìyá tirẹ̀ náà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì ta oògùn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo lọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, mo ka apá kan rẹ̀ nínú ìwé, mo gbọ́ apá kan lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n ìdí ààrò ni mo ti kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù, níbi tí mo ti ń dáná fún ìyá tí ó bí mi lọ́mọ. Bí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi tí ó wà níhìn-ín bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé mo ń ja ewédú, mo ti gbọ́ gbogbo yẹ̀yẹ́ náà tán láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Àwọn baba wa ti mọ àìsàn yìí kí ìwé tó dé. Orúkọ tí wọ́n fún un fi hàn bẹ́ẹ̀: àtọ̀gbẹ. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá mú a máa tọ̀ ṣáá, a sì máa gbẹ. Ohun tí ó fà á ni wọn kò rí. Gbogbo oúnjẹ afáralókun tí a bá jẹ, ìbáà ṣe iṣu, àgbàdo, gbágùúdá tàbí ìrẹsì, ṣúgà ni ó máa ń dà nínú wa, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé ṣúgà náà yí gbogbo ara ká. Ohun kan tí à ń pè ní insulin, tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlúkù ń pèsè, ni ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà kí ó lè wọ inú ẹran ara lọ ṣiṣẹ́. Bí insulin kò bá tó, tàbí bí ara kò bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣúgà yóò jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì máa ba ojú, kíndìnrín, ọkàn àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1921 ni Banting àti Best rí insulin yọ ní ìlú Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọdé tí irú àtọ̀gbẹ tí ó le jù bá mú, ikú ni a ń retí fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìsàn àwọn olówó Èkó ni. Ìwádìí tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinkugbe ṣe olórí rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 sọ pé nínú 1,000 àgbàlagbà ní orílẹ̀-èdè yìí, bí 22 ni ó ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí àwọn dókítà mìíràn kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2018, iye náà ti sún mọ́ 58 nínú 1,000. Ẹ wo ìlà ìjókòó tí ẹ wà lórí rẹ̀ yìí, kí ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ní ọdún 2016 ni wọ́n sọ fún ìyá mi pé ó ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu. Bí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá ti tó 126 ní ìgbà méjì, àtọ̀gbẹ ni; ti ìyá mi lé ní 240. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kí ó dín iyán àti ẹ̀bà kù. Ìyá mi gbà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í, tí èmi náà kò ronú kàn, ni pé eyín mélòó ni ó kù lẹ́nu rẹ̀. Àtọ̀gbẹ a máa jẹ́ kí èrìgì wú kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀, títí tí eyín yóò fi mì tí yóò sì bọ́. Èrìgì tí ó ń ṣàìsàn náà a sì máa jẹ́ kí ṣúgà ṣòro láti káwọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 2019, eyín márùn-ún péré ni ó kù fún ìyá mi. A ra eyín àtọwọ́dá fún un. Ó ní ó ń gé òun lẹ́nu, ó wé e sínú aṣọ, ó fi í sínú àpótí. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní.

Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí wá oúnjẹ rírọ̀ fún un. Kí ni a rí? Ògì ní òwúrọ̀, àmàlà ní ọ̀sán, ògì lálẹ́. A kò fi ṣúgà sí ògì náà rárá, a sì ń fi èyí yangàn. Síbẹ̀, bí a bá gún un lọ́wọ́ ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀rọ a máa ka 300 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ̀sùn kàn án pé ó ń jí nǹkan dídùn jẹ. Mo tilẹ̀ yẹ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ wò. Ọlọ́run kí ó dárí jì mí, ìyá ẹni ọdún 76, tí n kò rí ju ìwé orin àti gààrì ìkòkò nínú yàrá rẹ̀. Inú bí i. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ ju ìlàjì ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó lo oògùn rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí aago mọ́kànlá ti ń lù, ìyàwó mi gbọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. A wọlé, a bá a tí òógùn tútù bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fi orúkọ bàbá mi pè mí. Bàbá mi ti kú ní ọdún 1994. Àwọn ará ilé ti ń sọ pé kí a lọ pe wòlíì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ni ó sáré wọlé. Ó rí i pé ìyá mi ṣì lè gbé nǹkan mì, ó po ṣúgà sínú omi, ó sì fún un mu. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi bi wá léèrè ohun tí ó kó gbogbo wa jọ sínú yàrá òun. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì yìí yíjú sí mi, ó ní, “Tíṣà, kí ni ẹ ń fún Màmá jẹ?” Mo kà á fún un. Ó mi orí, ó ní kí n wá sí ilé òun ní ọjọ́ kejì.

Ohun tí ó ṣàlàyé fún mi nìyí, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lé lórí. Rírọ̀ lẹ́nu kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìrọ̀rùn fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo bí a ti ń ṣe ògì. A rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́ kúnná, a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, a da èèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́. Èèrí tí a dà nù yẹn ni ìbá dá ṣúgà dúró díẹ̀ nínú ìfun. Ewúrẹ́ ni ó ń jàǹfààní rẹ̀. Ohun tí ó kù fún wa ti kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí rẹ̀ mọ́, kíá ni ó sì di ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyán: odó ti bá wa rún un tán kí ó tó dé ẹnu. Bí a ti ń lọ nǹkan tí a ń gún un tí a ń sẹ́ ẹ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yá wọnú ẹ̀jẹ̀ sí i. Nígbà tí mo ń wá oúnjẹ tí yóò rọ ìyá mi lọ́rùn, àwọn tí ó yá jùlọ ni mo ń kó fún un, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, láìsí ẹja, láìsí ẹ̀wà, láìsí ẹ̀fọ́ tí ó tó nǹkan.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà sí wa. Inú ìkòkò àwọn ìyá wa ni ó wà.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Kò sí ohun tí ó rọ̀ bí ẹ̀wà tí ó jinná, síbẹ̀ ṣúgà inú rẹ̀ a máa rọra jáde, ó sì tún jẹ́ oúnjẹ amáradàgbà tí kì í jẹ́ kí àgbàlagbà rù. Ọ̀lẹ̀lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mọ́ínmọ́ín, ni ìyá mi fẹ́ràn jù. A kì í bó gbogbo èèpo rẹ̀ tán mọ́. A máa ń fi bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan sílẹ̀, a ó wá lọ̀ ọ́ kúnná dáadáa. Àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n díẹ̀, adùn rẹ̀ kò yàtọ̀. A ó fi ata, àlùbọ́sà, edé lílọ̀, òróró ṣíbí kan tàbí méjì, àti ẹja tí a ti ṣa eegun rẹ̀ sí i. Omi rẹ̀ a pọ̀ ju ti ọlọ́jà lọ, kí ó lè rọ̀ kí ó má sì ha á lọ́fun. Ewé eéran ni ìyá mi ń fẹ́. Ó ní ti inú agolo kò ní òórùn. Ẹ̀kuru náà dára, ṣùgbọ́n ó gbẹ, ó sì lè há ẹni tí itọ́ ẹnu rẹ̀ kò tó. Ẹ fi ọbẹ̀ ata tí ó ní omi fọ́ ọ kí ó tó jẹ ẹ́. Ní ti àkàrà, òróró tí ó ń mu pọ̀. Ti ọjọ́ àlejò ni kí ó jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ se ẹ̀wà lódidi, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì sè é títí yóò fi fọ́ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé kán-ún ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń mú un rọ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ni kán-ún ṣe ń ṣe lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sì sábà máa ń gbé inú ilé kan náà. Ẹ̀wà olóyin ni ó máa ń tètè rọ̀ jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rà á wálé, ìyá mi kọ̀ ọ́, ó ní nọ́ọ̀sì ti ní kí òun má ṣe fi oyin kan ẹnu. Ó gbà mí tó ọjọ́ méjì láti ṣàlàyé pé orúkọ lásán ni.

Lẹ́yìn ẹ̀wà, ọbẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ wa, òkèlè ni a kà sí oúnjẹ, ọbẹ̀ ni a fi ń tì í wọlé. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ń bá jà ní láti dojú ètò yìí délẹ̀. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni. Ewédú àti ilá, yíyọ̀ wọn yẹn gan-an ni ó ń fawọ́ ṣúgà sẹ́yìn nínú ìfun. Ẹ bu gbẹ̀gìrì àti ewédú kún àwo, ẹ fi ẹja àrọ̀ tí ó rọ̀ sí i, kí ẹ sì fún Màmá ní ṣíbí. Lẹ́yìn tí ó bá ti lá ọbẹ̀ náà dé ìlàjì, kí ó tó kan àmàlà, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ. Títò tí a tò wọ́n báyìí, ẹja àti ẹ̀fọ́ ṣáájú, òkèlè lẹ́yìn, a máa dín bí ṣúgà ti ń ga kù; a rí i lójú ẹ̀rọ nílé wa. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ rẹ́ wọn wẹ́wẹ́ kí ẹ tó sè wọ́n, kí okùn wọn má bàa há sí èrìgì. Ẹ̀gúsí dára sínú wọn, bí òróró kò bá pọ̀.

Ẹyin sísè tí a fọ́ sínú ọbẹ̀ tòmátì, wàrà àwọn Fúlàní, wàrà sóyà tí wọ́n ń tà lọ́jà, gbogbo wọn ni eyín kò ní iṣẹ́ lórí wọn. Píà kò ní ṣúgà tó bẹ́ẹ̀, ó sì rọ̀ bí ọ̀rá. Ìbẹ́pẹ dára, ṣùgbọ́n ègé kan ni, kì í ṣe odidi. Ọsàn tí a fún sínú ife kò dàbí ọsàn tí a jẹ: ọsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń wọ inú ife kan, èèpo inú rẹ̀ sì ti lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè pé ṣé kí àgbà má fẹnu kan ògì mọ́ ni. Ìyá mi ṣì ń mu ún. Ife kékeré kan ni, a kò fi ṣúgà tàbí oyin sí i, nítorí oyin pẹ̀lú, ṣúgà ni, ohunkóhun tí àwọn tí ń tà á ìbáà wí. A máa ń po ẹ̀wà sóyà tí a ti yan tí a sì lọ̀ mọ́ ọn lórí iná, ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì ni ó máa kọ́kọ́ jẹ. Àsáró náà kò di èèwọ̀, bí iṣu bá dín kù tí ẹja àti ẹ̀fọ́ sì pọ̀ sí i nínú rẹ̀.

Àṣìṣe méjì ni mo ń gbọ́ káàkiri tí mo fẹ́ kí a jọ fi sílẹ̀. Èkíní ni ti àwọn tí ó gbà pé òkèlè àlìkámà tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú kò ní ṣúgà nínú, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí òkè. Ó lè sàn díẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ afáralókun ni. Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ kan ni òun náà. Èkejì ni ti ewúro. Àwọn ènìyàn wa a máa rò pé níwọ̀n bí ó ti korò, yóò pa ohun dídùn inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí ó dára ni ewúro, ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá kan ní àdúgbò wa tí ó torí omi ewúro ju oògùn rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ kan ni ó fi ń rìn báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́nù, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ìlú ńlá wa, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ẹ ṣeun fún àwọn páálí tí ẹ ń kó wálé ní ọdọọdún. Mo ti bá yín tú díẹ̀ nínú wọn. Bísíkíìtì ni, mílíìkì dídùn inú agolo ni, ohun mímu oníyẹ̀fun tí a ti fi ṣúgà pò ni, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni. Ìfẹ́ ni ó kó wọn wá, àwọn ìyá yín sì ń jẹ wọ́n nítorí pé wọ́n rọ̀, àti nítorí pé ọwọ́ yín ni wọ́n ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ ran ìyá tàbí bàbá tí ó ní àtọ̀gbẹ lọ́wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá àyẹ̀wò tí yóò bá ẹ̀rọ náà mu, nítorí ọ̀pá náà ni ó ń wọ́nwó tí ó sì ń tán. Ẹ fi owó ẹja àti owó oníṣègùn eyín ránṣẹ́. Òótì tí a kò tíì lọ̀ kúnná, tí a kò sì fi ṣúgà sí, dára ju èyí tí a ń po omi gbígbóná lù lásán lọ. Bí ẹ bá sì pè lórí fóònù, kí ẹ má ṣe béèrè pé “Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?” nìkan, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ, àti bóyá wọ́n rí i gbé mì.

Gbígbé mì yẹn, ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, tí omi máa ń pa lórí tàbí tí ó ń húkọ́ nígbà tí ó bá ń jẹun, kí ẹ má ṣe dá ètò oúnjẹ ṣe fún un nílé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti gba ìmọ̀ràn.

Mo ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ ní ilé yín lónìí. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fa ṣúgà wálẹ̀, yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Bí ẹni tí ń lo irú rẹ̀ bá ń làágùn tútù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ ń já, tàbí tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ wo ṣúgà rẹ̀. Bí kò bá tó 70, tàbí bí kò bá sí ẹ̀rọ nílé, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi díẹ̀ kí ó mu ún. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wò. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún un. Nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kí ó jẹ oúnjẹ gidi. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹ bá yí oúnjẹ rẹ̀ padà bí mo ti wí yìí, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí ìwọ̀n oògùn tí ó bá ògì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mu lè pọ̀ jù fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ewédú.

Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 80 kọjá. Àyẹ̀wò òwúrọ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti rí 300 gbẹ̀yìn. Ó ṣì ń rán mi létí pé mo yẹ abẹ́ ìrọ̀rí òun wò.

Ní ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, èmi àti ìyàwó mi yóò dáná ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí ní aago méjì ọ̀sán. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ eléèpo, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja àrọ̀ ni a ó sè. Nọ́ọ̀sì àgbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, yóò sì wo ṣúgà ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ mú àwọn àgbà yín wá, kí olúkúlùkù sì mú àwo àti ṣíbí tirẹ̀ dání, nítorí ti ẹgbẹ́ kò lè kárí.